Àwọn Ọmọbìnrin Tó Ń Gbé Irin: Agbára Nìkan Kò Tó

Nígbà tí Òlíńpíìkì òde òní bẹ̀rẹ̀ nílùú Athens lọ́dún 1896, irin gbígbé wà lára eré tí àwọn ọkùnrin fi figa gbága. Ó gba ọdún 104 kí wọ́n tó gba obìnrin láyè níbẹ̀. Ọdún 2000, nílùú Sydney, ni ilẹ̀kùn ṣí, bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1987 ni àwọn obìnrin ti ń ṣe ìdíje àgbáyé tiwọn.

Ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Ní ìsọ̀rí kílò 75, Ruth Ogbeifo gbé àpapọ̀ kílò 245. María Isabel Urrutia ti Kòlóńbíà gbé 245. Kuo Yi-hang ti Taiwan náà gbé 245. Òfin ìgbà náà ni pé bí irin bá dọ́gba, ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́ jù ló borí. Urrutia ló fúyẹ́ jù, ó gba wúrà. Fàdákà sì bọ́ sọ́wọ́ Ogbeifo.

Ní Beijing lọ́dún 2008, Mariam Usman ṣe ipò karùn-ún, ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ọdún 2016 ni àyẹ̀wò tuntun tú àṣírí pé méjì nínú àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lo oògùn tí òfin kà léèwọ̀. Báyìí ni àmì ẹ̀yẹ idẹ ṣe di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè dá ayọ̀ ọjọ́ náà padà fún un? Ọwọ́ tiwa náà kò sì mọ́: ní Glasgow lọ́dún 2014, wọ́n gba wúrà lọ́wọ́ ọmọ ọdún 16 kan tó ṣojú Nàìjíríà, nítorí oògùn bẹ́ẹ̀ kan náà.

Ìdíje Commonwealth ti ọdún 2022 ní Birmingham tún mú orí wa wú. Adijat Olarinoye gbé kílò 203 ní ìsọ̀rí kílò 55, ó fi kílò kan ṣoṣo borí ọmọ Íńdíà tó tẹ̀ lé e. Rafiatu Lawal gbé 206 ní ìsọ̀rí kílò 59. Wúrà ni àwọn méjèèjì gbà. Àmọ́ ìsọ̀rí méje tí àwọn obìnrin ní tẹ́lẹ̀ ní Òlíńpíìkì ti di márùn-ún nígbà tí ti Paris ọdún 2024 fi dé. Kílò 55 wà lára èyí tí wọ́n pa rẹ́. Ẹni tó jọba níbẹ̀ ní láti sanra dé 59 tàbí kó joro dé 49. Ìsọ̀rí Lawal kò parẹ́, ó sì ṣe ipò karùn-ún ní Paris.

Láti dé Paris pàápàá, agbára apá nìkan kò tó. Ó di dandan kí agbérin kópa nínú ìdíje àgbáyé ní Riyadh lọ́dún 2023 àti ti Phuket lọ́dún 2024, kó sì tún kópa nínú mẹ́ta mìíràn ó kéré tán. Ẹni tí kò rí owó ọkọ̀ òfuurufú tàbí ìwé àṣẹ ìwọ̀lú gbà lásìkò ti jáde nìyẹn, ìbáà gbé òkè Olúmọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí kò wo ẹnu àáké rí. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí àpò ìjọba wà lọ́wọ́ wọn tètè ra àáké náà fún wọn, kó tó di pé ìdíje ti parí.