Ẹ̀rọ Ìgékoríko Aláfọwọ́tì: Orírun Rẹ̀ àti Iṣẹ́ Rẹ̀ Lórí Ìlera Pápá Koríko

Ẹ̀rọ ìgékoríko aláfọwọ́tì ni ẹ̀rọ tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí kì í mu epo, tí kò sì lo iná mànàmáná, tó jẹ́ pé agbára ẹni tó ń tì í nìkan ló ń mú abẹ rẹ̀ yí. Àwọn abẹ náà, tí wọ́n sábà máa ń jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ni a tò yí ọ̀pá irin kan ká, tí a sì lọ́ wọn díẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ fi di àgbá kan tí ara rẹ̀ jẹ́ kìkì abẹ. Lábẹ́ àgbá yìí ni abẹ mìíràn wà tí kì í yí, èyí tí a ó máa pè ní abẹ ìdúró. Bí àgbá bá ti ń yí, á kó koríko sáàárín àwọn abẹ rẹ̀ àti abẹ ìdúró, á sì rẹ́ ẹ bí àlùmọ́gàjí ti ń rẹ́ aṣọ. Àfiwé yìí bá ìtàn mu, nítorí pé inú ilé iṣẹ́ aṣọ gan-an ni ẹ̀rọ náà ti jáde wá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn àfonífojì tó yí ìlú Stroud ká, ní ẹkùn Gloucestershire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kún fún ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ onírun àgùntàn. Bí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bá ti kúrò lórí òfì, tí wọ́n sì ti lù ú nínú omi kó lè ki, irun wúruwùru ló máa ń bo ojú rẹ̀, ó sì di dandan kí wọ́n fá irun náà kí aṣọ tó lè jọ̀lọ̀. Àlùmọ́gàjí ńlá ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó wá ṣe àgbá abẹ lílọ́ tó ń fá aṣọ láti etí kan dé èkejì. Edwin Beard Budding, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní Thrupp nítòsí Stroud, mọ ẹ̀rọ yìí dáadáa, òun ló sì wòye pé ohun tó lè fá irun ojú aṣọ lè gé koríko orí ilẹ̀ pẹ̀lú.

John Ferrabee, tó ni ilé ìyọ́rin Phoenix ní Thrupp, bá a da òwò pọ̀ nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1830, nígbà tó sì di ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ìjọba fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ fún Budding, ìyẹn ìwé tó ń ká ẹlòmíràn lọ́wọ́ kò láti daṣẹ́ ẹni kọ títí sáà kan á fi pé. Ìtàn àtẹnudẹ́nu àdúgbò náà sọ pé òru ni Budding máa ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde láti dán an wò, kí àwọn ará ìlú má baà pè é ní wèrè. Bóyá òótọ́ ni tàbí àsọdùn, kò ṣòro láti gbà gbọ́, nítorí pé títi àgbá abẹ lórí koríko kò tíì jẹ́ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni lágbàáyé títí di ìgbà náà.

Dòjé tó ní ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń gé pápá koríko ṣáájú èyí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò máa ń jí sí iṣẹ́ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí ìrì ṣì wà lára koríko, nítorí pé koríko tútù kì í sá fún abẹ, àwọn mìíràn á sì máa tẹ̀ lé wọn láti kó èyí tí wọ́n ti gé. Ọlọ́rọ̀ nìkan ló lè san owó iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí pápá koríko fi jẹ́ àmì ọlá: ó ń fi hàn pé onílẹ̀ ní ilẹ̀ tí kò nílò láti gbin oúnjẹ sí. Ẹni tí kò bá lè gba olùgékoríko a máa da àgùntàn síbẹ̀ láti jẹ ẹ́ kanlẹ̀.

Ẹ̀rọ Budding àkọ́kọ́ fẹ̀ tó ínṣì 19, irin sì ni wọ́n fi ṣe é. Rólà ńlá tó wà lẹ́yìn ló ń tẹ ilẹ̀, òun náà ló sì ń fi jíà yí àgbá abẹ tó wà níwájú. Rólà kékeré kan tó ṣeé gbé sókè tàbí sísàlẹ̀ ló ń pinnu bí koríko yóò ṣe ga tó lẹ́yìn gígé, pẹpẹ kan sì wà níwájú tó ń gba èyí tí abẹ bá gé dànù. Ó wúwo débi pé wọ́n fi ọwọ́ ìdìmú kejì sí iwájú kí ẹlòmíràn lè máa fà á nígbà tí ẹnì kan ń tì í. Nínú ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀, Budding sọ pé títi ẹ̀rọ náà yóò jẹ́ eré tó ń mára le fún àwọn ọlọ́lá ìgbèríko, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ wọn ló tì í.

Ọgbà ẹranko tó wà ní Regent's Park ní Lọ́ńdọ̀nù wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rà á, ilé iṣẹ́ Ransomes ti ìlú Ipswich sì gba àṣẹ láti máa ṣe é ní ọdún 1832. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ará Scotland bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tí ẹṣin kékeré lè fà, tí wọ́n sì ń fi awọ bo pátákò ẹṣin náà kó má baà ba ojú ilẹ̀ jẹ́. Ní ọdún 1859, ilé iṣẹ́ Thomas Green ti ìlú Leeds fi ṣéènì rọ́pò jíà, ariwo ẹ̀rọ náà sì dínkù gidigidi. Budding ti kú ní ọdún 1846, kò rí èyí.

Ohun tó sọ ẹ̀rọ yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni eré ìdárayá. Kíríkẹ́ẹ̀tì, gọ́ọ̀fù àti tẹ́níìsì orí koríko nílò ilẹ̀ tí bọ́ọ̀lù lè yí tàbí ta lórí rẹ̀ láìṣe ségesège, dòjé kò sì lè gé koríko kúrú dọ́gba bẹ́ẹ̀. Ìdíje Wimbledon bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, kò sì dájú pé irú eré bẹ́ẹ̀ ì bá tàn kálẹ̀ ká ní kò sí ẹ̀rọ Budding. Mìlímítà 8 ni wọ́n ń gé koríko pápá Wimbledon sí lóde òní, ẹ̀rọ alágbá abẹ ni wọ́n sì ń lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára ẹ́ńjìnnì ti rọ́pò agbára apá.

Ní Amẹ́ríkà, Elwood McGuire ti ìlú Richmond ní ìpínlẹ̀ Indiana ṣe ẹ̀rọ fífúyẹ́ kan ní ọdún 1870, èyí tó jẹ́ kí olówó kékeré lè gé koríko iwájú ilé ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1899 ni John Albert Burr, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ẹ̀rọ tí koríko gígé kì í tètè há sínú rẹ̀, tó sì lè gé súnmọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ń sọ pé Burr ló dá ẹ̀rọ alábẹ yíyí bíi fáànù sílẹ̀, àṣìṣe sì ni. Àgbá abẹ ti Budding ló tún ṣe dáadáa.

Ransomes bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tó ń lo epo pẹtiróòlù ní ọdún 1902, síbẹ̀ abẹ náà kò yàtọ̀. Ìyípadà gidi dé nígbà tí Mervyn Victor Richardson ṣe ẹ̀rọ Victa ní ìlú Sydney ní Ọsirélíà ní ọdún 1952. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ronú irú rẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ fúyẹ́, owó rẹ̀ kò wọ́n, ó sì ń gé koríko gíga. Nínú irú ẹ̀rọ yìí, abẹ kan ṣoṣo ló ń fò yí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, kò sí abẹ ìdúró, eré àsápajúdé nìkan ló fi ń bẹ́ koríko.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ìlera koríko ti wọlé. Koríko tí abẹ méjì rẹ́ máa ń ní ojú ọgbẹ́ tó mọ́, omi kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòfò níbẹ̀, ó sì máa ń jinná kíá. Èyí tí abẹ kan gbá, pàápàá tí abẹ náà bá ti kú, á fàya. Etí rẹ̀ á gbẹ di àwọ̀ ilẹ̀, àrùn olú sì lè gba ojú ọgbẹ́ náà wọlé. Lódodo, ẹ̀rọ elépo tí abẹ rẹ̀ mú ṣáṣá sàn ju aláfọwọ́tì tí abẹ rẹ̀ kú lọ.

Àìlera ẹ̀rọ aláfọwọ́tì gan-an sì tún jẹ́ àǹfààní fún koríko. Kò lè gé koríko tó ti ga jù, nítorí pé irú koríko bẹ́ẹ̀ á kàn dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ ni, nítorí náà olówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gé e léraléra, díẹ̀díẹ̀. Ohun tí koríko fẹ́ nìyẹn. Ìwádìí tí Franklin Crider gbé jáde fún ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọdún 1955 fi hàn pé bí a bá gé tó ìdajì ewé koríko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, gbòǹgbò rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́kun dídàgbà. Lára irú ìmọ̀ yìí ni ìlànà àwọn olùtọ́jú pápá ti wá, pé kí a má ṣe gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga koríko lọ. Ewé kéékèèké tó bá bọ́ sílẹ̀ á jẹrà kíákíá, á sì dá náítírójìn padà fún ilẹ̀ bí ajílẹ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá, àgbàlá tí a gbá mọ́ tónítóní, tí ejò kò ní ibi sá pamọ́ sí, ni ẹwà ilé láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìjọba amúnisìn ló mú pápá koríko dé àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ilé tí wọ́n ń gé koríko rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù nígbà òjò, àdá tàbí ẹ̀rọ elépo tí a ń gbé kọ́ èjìká ló tọ́ sí i, nítorí pé ẹ̀rọ aláfọwọ́tì á kọ iṣẹ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fẹ́ ilẹ̀ gbágungbàgun tàbí olókùúta. Ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, tí kò fẹ̀ jù, tí koríko rẹ̀ sì jẹ́ irú tó ń rákò bíi koríko Bermuda, tí ẹni tó ni ín sì lè gé e lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá tó lè gé e mọ́ ju ẹ̀rọ aláfọwọ́tì lọ, bí abẹ rẹ̀ bá ṣì mú débi pé ó lè rẹ́ pépà láti etí kan dé èkejì láìfà á ya.