Ìrókò, Ikán àti Igi Ìkọ́lé

Kí páànù àti sìmẹ́ǹtì tó dé, ọ̀tá méjì ni ilé Yorùbá ní: òjò àti ikán. Ògiri amọ̀ ṣeé túnmọ, ṣùgbọ́n bí ikán bá ti jẹ òpó àti igi àjà, ilé wó nìyẹn. Nítorí náà ni ìrókò ṣe níyì lọ́wọ́ ọ̀mọ̀lé. Apá òde igi náà tí ó funfun kò níláárí. Inú rẹ̀ tí ó pupa rẹ́súrẹ́sú ni ikán kì í fẹ́ fẹnu kàn. Nígbà mìíràn òkúta a máa wà nínú rẹ̀, tí igi fúnra rẹ̀ ṣe, tí í fọ́ eyín ayùn.

Àwọn òyìnbó oníṣòwò gẹdú mọ iyì yìí. Orúkọ tí Yorùbá sọ igi náà ni wọ́n gbé lọ sí ọjà àgbáyé. Wọ́n fi ń kan ọkọ̀ ojú omi àti ilẹ̀kùn, wọ́n sì ń là á ní pákó tí a fi ń bo ara ilé lóde, nítorí ó ń ṣe iṣẹ́ tíìkì. Nílé, ètùtù ni a ń ṣe kí a tó gé ìrókò, nítorí Olúwéré tí a gbà pé ó ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀rù yìí dá igi púpọ̀ sí, bí àwọn ọ̀mọ̀wé kan tilẹ̀ ń fi í ṣẹ̀sín. Nígbà tí ẹ̀rù dínkù, ayùn wọ igbó. Ní 1976 ìjọba Nàìjíríà fi òfin de títa ìtì igi sí òkèèrè, ṣùgbọ́n ọjà ilé kò kéré.

Kí ló dé tí a kò gbìn ín? A gbìn ín. Òwe ní láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò; bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Kòkòrò kan wà tí ó mọ òwe yìí ju ènìyàn lọ. Phytolyma ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Kò tó hóró ìrẹsì. Ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú ni ó ń yé ẹyin sí. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti ń jẹun, ewé náà a wú bí kókó, a sì sé e mọ́ inú. Nígbà tí kókó bá bẹ́, ewé a jẹrà, orí igi a kú. Bí a bá gbin ìrókò nìkan jọ sínú oòrùn, àsè ni a tẹ́ fún un. Igi tí ikán kò lè jẹ lágbà, kòkòrò pa á léwe.

Báyìí ni tíìkì, àlejò láti Éṣíà, ṣe gba ipò rẹ̀ nínú igbó ọba, irú èyí tí ó wà ní Olókèmejì láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Bí a bá gé e, kùkùté rẹ̀ a tún rú. Ṣùgbọ́n tíìkì tí a gé léwe kì í le bí èyí tí ó gbó. Apá funfun rẹ̀ pọ̀, ikán sì mọ ìyàtọ̀.

Àwọn onímọ̀ igbó ti rí ọ̀nà mìíràn: kí a fọ́n ìrókò ká sáàrin igi mìíràn lábẹ́ ìbòòji, kí a sì mú irúgbìn lára igi tí kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ bà jẹ́. Iṣẹ́ náà kò yá. Ẹni tí ó bá béèrè pákó ìrókò lọ́jà lónìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé igi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ni wọ́n là fún un.