Àrùn Addison àti Ìdí tí Aláìsàn Rẹ̀ fi ń Dákú: Ìtàn Ìwádìí kan, 1849–1957

Kí ọdún 1855 tó dé, kò sí orúkọ kan pàtó fún àìsàn ẹni tí ó ń rù, tí agbára rẹ̀ ń tán díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń dákú lemọ́lemọ́. Ọdún náà ni Thomas Addison, oníṣègùn ní ilé-ìwòsàn Guy's ní London, tẹ ìwé rẹ̀ lórí aláìsàn 11 jáde. Kì í ṣe ohun tí ó ń wá gan-an ni ó rí. Irú àìtó ẹ̀jẹ̀ kan tí kò ní ìdí ni ó ti ń tọpa rẹ̀ láti 1849, kí ó tó kan ẹ̀yà ara kéékèèké méjì tí ó jókòó bí fìlà lórí kíndìnrín, èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ní 1856, Brown-Séquard yọ ẹ̀yà wọ̀nyí lára àwọn ẹranko. Wọ́n sì kú. Síbẹ̀, awuyewuye kò tán.

Ìdí dídákú náà pẹ́ kí ó tó hàn. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni. Ní nǹkan bí 1932, Robert Loeb ní New York fi hàn pé iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn yìí a máa dín kù. Ẹ̀yà méjì náà ni ó ń pèsè aldosterone, èyí tí kì í jẹ́ kí kíndìnrín da iyọ̀ nù sínú ìtọ̀. Bí wọ́n bá bàjẹ́, iyọ̀ a lọ, omi a tẹ̀lé e, ẹ̀jẹ̀ inú iṣan a sì dín kù. Bí aláìsàn bá wá dìde dúró, ẹ̀jẹ̀ tí ó tó kò ní dé ọpọlọ. Òòyì a kọ́ ọ, a sì ṣubú. Cortisol, tí kì í jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́ láti gbà á sílẹ̀.

Kí ni ó ń ba ẹ̀yà náà jẹ́? Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó pọ̀ jù láyé Addison. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí tiwọn kàn rọ, láìsí àpá ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ní 1957 ni àwọn oníwádìí rí i nínú ẹ̀jẹ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀ pé ohun tí ara fi ń bá àrùn jà ni ó kọjú ìjà sí ẹ̀yà náà. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Àṣejù ni yóò sì jẹ́ bí òpìtàn bá ka ìmọ̀ yìí sínú ìwé 1855.

Ara dúdú tí àwọn aláwọ̀ funfun náà ń dà ni ó la Addison lójú. Lára ènìyàn dúdú, àmì yìí a máa fara pamọ́ sí ìlà àtẹ́lẹwọ́ àti inú ẹnu. Nítorí náà, dídákú àti ìyánu fún iyọ̀ lè ti hàn tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wo ibẹ̀.