Ìgbẹ́ Ẹran Ọ̀sìn àti Odò Ìlú Wa

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé àti lẹ́yìn odi, nígbà Kérésìmesì tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ará wa tí ń gbé Amẹ́ríkà sọ fún wa pé bí òun bá mú ajá òun jáde, òun a máa mú ọ̀rá dání láti fi kó ìgbẹ́ rẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí a wádìí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wa.

Òfin ni. Ní ìlú New York, ìgbẹ́ ajá kún ojú pópó nígbà kan rí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1978, nígbà tí Edward Koch jẹ́ olórí ìlú náà, òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pé kí olúkúlùkù tí ó ní ajá máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ kúrò. Ọ̀pọ̀ ní kò lè ṣeé ṣe. Ọlọ́pàá mélòó ni yóò máa ṣọ́ ìdí ajá? Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ni wọ́n ń ṣọ́ ara wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti bàtà tí ó dọ̀tí. Ìgbẹ́ ajá a máa ní kòkòrò àìsàn àti ẹyin aràn nínú. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá a gbé e sí gọ́tà, gọ́tà a gbé e dé odò. Ó tún ń ṣe ajílẹ̀ fún ewé inú omi. Bí ewé náà bá pọ̀ tí ó sì jẹrà, atẹ́gùn inú omi a dín kù, ẹja a sì máa kú.

Ǹjẹ́ àjèjì ni èyí sí wa bí? Àwọn ìyá wa ya ibi ìpọnmi sọ́tọ̀ lókè odò, ibi ìfọṣọ sì wà nísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá da ẹran wá sí ibi ìpọnmi yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ sí i. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ tí a bá gbá láàárọ̀, ààtàn tàbí oko ni ó ń lọ. Wọléwọlé ayé òyìnbó, bí ó ti ń wá tanwíjí nínú àmù, kì í fojú fo àgbàlá tí ó dọ̀tí.

Ẹ̀rọ omi ni ó mú wa kẹ̀yìn sí odò. Nígbà tí ìjọba ológun gbé ìmọ́tótó ìparí oṣù kalẹ̀ láàárín 1984 sí 1985, a gbé ìgbálẹ̀, a gbá ìgbẹ́ ẹran sínú gọ́tà, iwájú ilé sì mọ́ tónítóní. Ọmọ iléèwé ni àwa nígbà náà. Nígbà tí a di olùkọ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ni a kọ́ àwọn ọmọ, a sì ń yìn wọ́n. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò bèèrè ibi tí gọ́tà já sí.

Ẹ̀rọ omi ti dákẹ́ báyìí. Kànga ni a tún padà sí, púpọ̀ nínú wọn sì wà létí odò kan náà. Nítorí náà, ní ìpàdé ẹgbẹ́ tí ń bọ̀, a ó dábàá pé kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan gbẹ́ kòtò tí ó jìnnà sí odò àti kànga. Ti ewúrẹ́ lè jẹrà níbẹ̀ kí ó tó lọ sí oko. Ti ajá, kí a rì í mọ́lẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó má ṣe kan ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ.