Blyden, Edward Wilmot (1832–1912)

Edward Wilmot Blyden, tí wọ́n bí ní erékùṣù St. Thomas, jẹ́ òjíṣẹ́ ìjọ Presbyterian, ìyẹn ìjọ tí àwọn alàgbà ń ṣàkóso láìní bíṣọ́ọ̀bù, ó sì tún jẹ́ oníwèé-ìròyìn. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ní Amẹ́ríkà kọ̀ ọ́ ní 1850 nítorí àwọ̀ rẹ̀, ó kọjá sí Làìbéríà, níbi tí ó ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Liberia Herald, tí wọ́n sì fi í jẹ àlùfáà ní 1858. Ní Freetown, ní Sierra Leone, ní 1872 ó dá ìwé ìròyìn The Negro sílẹ̀, orúkọ tí ó mọ̀ọ́mọ̀ yàn kí ó lè kó gbogbo aláwọ̀ dúdú pọ̀, ti òkèèrè àti ti ilé.

Ó kúrò nínú iṣẹ́ àlùfáà Presbyterian ní 1886. Ìlú Èkó gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ta gbòǹgbò jù: ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní 1891, nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ Breadfruit, ó rọ àwọn onígbàgbọ́ pé kí wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, ìjọ tí kò ní máa wojú òyìnbó, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹjọ ọdún náà, àwọn kan nínú wọn dá United Native African Church sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Blyden fúnra rẹ̀ kò dara pọ̀ mọ́ wọn. Freetown ni ó kú sí ní 1912.