Ikọ́ tó ń bá oṣù rìn: kí la ó máa pè é?

Bí obìnrin bá ń wúkọ́ ẹlẹ́jẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ikọ́ ife lọkàn gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń lọ sí. Wọ́n á yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, wọn ò ní rí kòkòrò kankan. Ẹ̀jẹ̀ á dá. Tí nǹkan oṣù bá tún dé, ikọ́ náà á tún bá a dé. Ẹndomẹtiríósíìsì lè wà nídìí ẹ̀: awọ tó jọ ti inú ilé ọmọ ló hù síbòmíràn. Abẹ́ ikùn ló ti wọ́pọ̀, àmọ́ wọ́n ti rí i nínú ẹ̀dọ̀fóró, nínú àpòòtọ̀, lójú àpá iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí, àti nídodo, èyí tí Villar, ará Faransé, ti ṣàpèjúwe ní 1886.

Ẹnì kan lè ní ká pè é ní “awọ ilé ọmọ tó ṣáko.” Èmi ò fara mọ́ ọn. Ohun tó bá ṣáko, ibì kan ló ti kúrò. Èrò John Sampson ará Amẹ́ríkà nìyẹn, tó sọ láwọn ọdún 1920 pé ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù ló ń ṣàn padà sínú ikùn, tó sì ń gbé awọ náà lọ síbẹ̀. Èrò yẹn nìkan ò tó láti ṣàlàyé ti ẹ̀dọ̀fóró. “Awọ-ilé-ọmọ níta” tó: ó sọ ohun tó jẹ́ àti ibi tó wà, kò sì dá ẹjọ́ tó ṣì wà ní kóòtù.

Àmì àìsàn náà ló wù mí jù láti sọ lórúkọ. Bí a ṣe ní abọ́bakú, ẹ jẹ́ ká ní abóṣùrìn: ikọ́ẹ̀jẹ̀ abóṣùrìn, ìdodo ẹlẹ́jẹ̀ abóṣùrìn. Afẹ́fẹ́ tó ń jò yí ẹ̀dọ̀fóró ká pẹ̀lú, tọ̀tún ló sábà máa ń jẹ́, láàárín wákàtí 72 tí nǹkan oṣù bá bẹ̀rẹ̀: abóṣùrìn ni. Nọ́ọ̀sì tó bá gbọ́ orúkọ yìí á mọ ìbéèrè tó kàn, ìbéèrè tí wọn kì í sábà bi ẹni tí àyà ń dùn. Òótọ́ ni pé ìrora àìsàn náà lè má bá oṣù rìn mọ́ tó bá ti pẹ́ lára. Orúkọ ò sì lè rọ́pò àyẹ̀wò.

Fọ́tò àyà tí wọ́n yà lẹ́yìn nǹkan oṣù lè máà fi ohunkóhun hàn. Nítorí náà, ẹ̀yin obìnrin, ẹ máa kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ikọ́ dé sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi han dókítà, kódà bí kò bá béèrè.