Àwọn Tó Kan Bàálù Nílé

Ọmọkùnrin kan ló pè wá láti Òǹdó. Wẹ́dà ni, kò tíì pé ọmọ ọdún 25. Ó gbọ́ pé àwa mẹ́rin tí a jọ ń lo ọ́fíìsì kan ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, máa ń kọ sọ́fúwíà fún oríṣiríṣi ẹ̀rọ. Ó ní òun ń kan bàálù. A rẹ́rìn-ín. A bi í bóyá drone ló ń sọ. Ó ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Bàálù téèyàn máa jókòó sínú ẹ̀ ni."

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, a wọkọ̀ lọ sí Òǹdó. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni bàálù náà wà: páìpù irin tó ti jó pọ̀ bí egungun ẹja ńlá, ìyẹ́ méjì, ẹ́ńjìnnì tó ti wà lára jẹnẹrétọ̀ rí, àti propeller tó fi igi gbẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹnu yà wá. Iṣẹ́ ọwọ́ náà mọ́ tónítóní. Ó ní kò sí ohun tó kù ju àwọn aago iwájú lọ: èyí tó ń sọ bí bàálù ṣe ń sáré tó, èyí tó ń sọ bó ṣe ga tó, èyí tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Ó fẹ́ kí á bá òun kó gbogbo rẹ̀ sójú táblẹ́ẹ̀tì kan. "Tí ẹ bá ti parí ẹ báyìí, ẹ̀gbọ́n, mo máa fò nìyẹn."

Inú wa dùn, àyà wa sì já. A ní kó fún wa ní oṣù méjì. Ohun tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kọ́ wa ni pé kéèyàn tó kọ ìlà kóòdù kan, kó kọ́kọ́ wo ẹni tó ti ṣe irú ẹ̀ rí, kó sì wo ibi tí tiẹ̀ ti bàjẹ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ohun tí a rí nínú ìtàn la fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é. Ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ni Wilbur àti Orville Wright ní ní Dayton, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń ta kẹ̀kẹ́, wọ́n ń tún un ṣe. Kò sí èyí tó lọ sí yunifásítì nínú wọn. Ẹni tó bá wọn ṣe ẹ́ńjìnnì ni Charlie Taylor, mẹkáníìkì tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ṣe é, agbára rẹ̀ kò sì ju ti ẹṣin 12 lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903, ẹ̀rọ náà fò fún ìṣẹ́jú àáyá 12, ó sì rin ẹsẹ̀ bàtà 120. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, nígbà kẹrin, ó lo ìṣẹ́jú àáyá 59.

Ibi tí gbogbo èèyàn máa ń dá ìtàn yìí dúró sí nìyẹn. Wọn kì í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ní 1900, 1901 àti 1902, bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì ni àwọn ọmọ ìyá méjì yìí ń gbé lọ sórí iyanrìn etí òkun lọ́dọọdún láti dán an wò. Nígbà tí ti 1901 kò ṣe bí ìwé ṣe wí, wọ́n padà sílé, wọ́n kan àpótí kan tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n sì fi ìyẹ́ kéékèèké tó tó 200 wò nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ṣé ẹ rí i, wọ́n ti mọ ohun tí ìyẹ́ wọn máa ṣe kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ́ńjìnnì sí i.

Ẹnìkejì tí a fẹ́ràn nínú ìtàn yìí ni Alberto Santos-Dumont, ọmọ Brazil tó ń gbé ní Paris. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé àwọn Àgùdà ní Èkó, ẹ mọ̀ pé Brazil kì í ṣe ìlú àjèjì sí wa. Ọkùnrin yìí ṣe bàálù kékeré kan tó ń jẹ́ Demoiselle láàárín 1907 sí 1909. Oparun wà nínú ohun tó fi ṣe é. Nígbà tó ṣe é tán, kò gba ìwé àṣẹ pé òun nìkan ló ni ín. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó ṣe tiẹ̀. Ní 1910, ìwé ìròyìn Popular Mechanics ní Amẹ́ríkà tẹ àwòrán rẹ̀ jáde kí àwọn òǹkàwé lè kàn án nílé. Àwa tí a ń lo kóòdù ọ̀fẹ́ tí àwọn ẹlòmíì kọ lójoojúmọ́, a ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí a rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló dá a sílẹ̀, ọmọ Brazil kan ti ṣe é pẹ̀lú oparun.

Ṣùgbọ́n ohun ọ̀fẹ́ náà lè pààyàn o. Ní 1934, Henri Mignet, ará Faransé, tẹ ìwé kan jáde tó fi kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè kan bàálù kékeré kan nílé. Pou-du-Ciel ló ń pè é. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní Flying Flea. Ó ní ẹni tó bá lè kan àpótí lè kan bàálù òun. Káfíńtà, tíṣà, mẹkáníìkì, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ra pákó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bàálù á dorí kọlẹ̀, awakọ̀ á fa ọ̀pá ìdarí mọ́ra bí ìwé ṣe wí, ṣùgbọ́n imú bàálù kò ní gbéra mọ́ títí á fi wọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e sínú ilé atẹ́gùn ńlá tí wọ́n fi ń dán bàálù wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, wọ́n rí i pé bí ìyẹ́ iwájú ṣe sún mọ́ ti ẹ̀yìn ló fà á: tí imú bá ti tẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, kò sí ohun tí awakọ̀ lè ṣe. Ìjọba fòfin dè é. Wọ́n padà tún àwòrán náà ṣe lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n òkú kì í jí.

Ní iṣẹ́ tiwa, tí kóòdù bá ní àléébù, á tú jáde nígbà tí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnnì. A ó tún un ṣe, a ó ní kó tún tẹ̀ ẹ́. Mignet kọ́ wa pé iṣẹ́ kan wà tí kò ní "tún tẹ̀ ẹ́" nínú.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n wá ọ̀nà míì. Ní 1953, Paul Poberezny kó àwọn tó ń kan bàálù nílé jọ ní Milwaukee, wọ́n dá ẹgbẹ́ EAA sílẹ̀. Òfin ibẹ̀ sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kan bàálù fún ìdùnnú àti ẹ̀kọ́ ara rẹ̀ lè ṣe é, tó bá jẹ́ pé ọwọ́ òun ló ṣe èyí tó ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ, ìjọba á sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fò. Richard VanGrunsven ní Oregon bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ kan ní 1973. Ó ń ta pánù tí wọ́n ti gé pẹ̀lú ìwé ìtọ́sọ́nà. RV ni bàálù rẹ̀ ń jẹ́. Èyí tó ti fò nínú wọn ti lé ní 10,000.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá. Bàálù kọ́kọ́ balẹ̀ sí Nàìjíríà ní Kánò ní 1925, ti ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí òyìnbó ń gbé wá ni bàálù jẹ́ lójú wa. Ní 1979, wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Kàdúná, AIEP, láti máa kan bàálù fún ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà. Dornier ti Jámánì wà níbẹ̀. Bàálù tí wọ́n yàn láti fi bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe bàálù ogun. RV-6A ni, èyí tí VanGrunsven ń ta fún àwọn tó ń kàn án lẹ́yìnkùlé. Wọ́n tún un ṣe kó lè fi kọ́ awakọ̀ tuntun, wọ́n sọ ọ́ ní Air Beetle. Àkọ́kọ́ fò ní 1988. Nǹkan bí 30 ni wọ́n kàn.

A ka èyí, a wo ara wa lójú. Ṣebí a ti ṣe é! A ti dàgbà tán kí á tó mọ̀ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà ti kan bàálù ní Kàdúná, tí wọ́n sì fi kọ́ awakọ̀. Bàálù kan náà ni o: ní Oregon, ó di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ní Kàdúná, ó dúró sí nǹkan bí 30. Owó àti òfin wà lára ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ohun tó jù ni pé ti Oregon jáde sọ́wọ́ aráàlú. Tíṣà ń kàn án, agbẹjọ́rò ń kàn án, ẹni tó bá ṣe àṣìṣe á kọ ọ́ síwèé kí ẹlòmíì rí i kà. Tiwa wà nínú bárékè. Ìmọ̀ tó bá wà nínú bárékè, bí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá ti fẹ̀yìn tì, ó di ìtàn nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní 2007, nígbà tí Mubarak Muhammad Abdullahi, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Kánò, kan hẹlikọ́pítà nílé, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò sí nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì Honda Civic ló lò, pẹ̀lú àwọn nǹkan tó tú lára ọkọ̀ àlòkù. Owó tó ń rí níbi títún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe ló fi ṣe é. Ìròyìn rẹ̀ lọ káàkiri ayé. Àwọn èèyàn yìn ín, wọ́n ya fọ́tò. Fọ́tò kì í ṣe ilé ìdánwò, o jàre.

Ní Gánà, wọ́n fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ní pápá ọkọ̀ òfurufú Kpong, nítòsí Akosombo, wọ́n kọ́ àwọn ọmọbìnrin láti ìgbèríko bí wọ́n ṣe ń kan bàálù kékeré, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì Rotax, àti bí wọ́n ṣe ń wà á. Patricia Mawuli wà lára àwọn tó ti ibẹ̀ jáde. Ó di awakọ̀, ó tún di olùkọ́. Àwòrán bàálù tí wọ́n ti dán wò ni wọ́n lò níbẹ̀, kì í ṣe èyí téèyàn rò lórí.

Nígbà tí oṣù méjì pé, a padà sí Òǹdó. Òǹdó Èkìmògún, ìlú tí àwọn awakọ̀, mẹkáníìkì àti alágbẹ̀dẹ ti máa ń jáde fún ọdún Ògún. A sọ fún àbúrò wa pé a ó bá a ṣe táblẹ́ẹ̀tì náà, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ òun nìkan: oòrùn lè mú un gbóná kó kú lójú òfurufú, nítorí náà aago tó ń fi atẹ́gùn lásán ṣiṣẹ́, tí kò nílò bátìrì, gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A fi ẹ̀rọ kékeré tí a so mọ́ orí ilé ní Àkúrẹ́ hàn án, èyí tó ń gbọ́ ohùn àwọn bàálù tó ń kọjá lórí 1090 MHz. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. A wá sọ èyí tó le: kò gbọdọ̀ fò láìgba àṣẹ NCAA, a sì fẹ́ dán ìyẹ́ rẹ̀ wò ná.

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"

A ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bí wọ́n ṣe ń dán an wò kò ṣòro. A dojú ìyẹ́ méjèèjì dé, nítorí òkè ni atẹ́gùn máa ń tì í sí. A rọ iyanrìn sínú àpò sìmẹ́ńtì, 50 kg ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàálù àti ẹni tó máa jókòó sínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 250 kg, ìyẹ́ bàálù kékeré sì gbọ́dọ̀ lè ru ìlọ́po 3.8 ìwúwo rẹ̀ láìtẹ̀. Àpò 19 nìyẹn, a kò tíì fi ti ààbò kún un. A ń tò ó lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á pẹ̀lú ẹ̀rín. Ní àpò kẹjọ, a gbọ́ "kẹ̀ẹ̀!" Ojú jíjó kan ní ìdí ìyẹ́ apá òsì ti là.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàńpàkò tọ ojú ibi tó là náà, lọ síwá, lọ sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ṣọ́ọ̀bù yọjú, ó ní kí ló dún yẹn. Ọmọ rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Kò sí nǹkan kan, Màámi. Irin ni."

Ó wọlé, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ kan jáde, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò. Ó kọ déètì sókè. Ó kọ: àpò 8, apá òsì, ìdí ìyẹ́, ibi kejì. Lẹ́yìn náà ó bi wá bóyá àwọn ọmọ ìyá méjì oníkẹ̀kẹ́ yẹn máa ń kọ iye iyanrìn náà sílẹ̀ ni, tàbí wọ́n máa ń kọ ohun tí wọ́n rò pé ó fà á. A ní wọ́n máa ń kọ méjèèjì.

Ó tún tẹ bírò mọ́ ìwé.